Oṣù mẹ́fà oògùn: bá a ṣe di Jésù mú nígbà tí ikọ́ ife mú bàbá àwọn ọmọ mi

Okun o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn ó ti lé lọ́dún kan, ìtìjú ni ò jẹ́ kí n kọ ọ́, torí níbí tiwa tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ikọ́ ife (TB) wọ ilé kan, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé yẹn kọjá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sunday tó kọjá lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní sọ́ọ̀ṣì, ó rọra sọ ọ́ sí mi létí pé, "Màmá, ẹ má bínú o, kí lẹ lò fún bàbá wọn nígbà yẹn, àbí àdúrà nìkan ni?" Mo wo ojú ẹ̀, mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ló ń bi mí. Mo wá ní kí n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, títí kan ibi tí èmi fúnra mi ti ṣìnà.

Abúlé kan tí ò jìnnà sí Ìsánlú là ń gbé, ní Yàgbà, ìpínlẹ̀ Kogí. Kajú ni iṣẹ́ wa, a tún ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n owó kajú ló ń san owó ilé ìwé, òun ló ń tún òrùlé ṣe, òun la fi ń san gbèsè gbogbo ọdún. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á mọ̀ pé láti bí oṣù kejì dé oṣù kẹrin kò sí ìsinmi, torí èso tó bá já bọ́ sílẹ̀ lóru, tó ò bá tètè dé ibẹ̀ láàárọ̀, ẹlòmíì á ti bá ẹ ṣa á.

Ikọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ lára ọkọ mi nínú oṣù kọkànlá. A ní ọyẹ́ ni. Oṣù kejìlá dé, a ní eruku ọ̀nà ni, torí ó máa ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù lọ sí Kábà nígbà míì. Ó ń lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n ń ta oògùn ikọ́ olómi fún un, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, owó ń lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ara ẹ̀ ti ń lọ, bẹ́líìtì tó máa ń lò, ó ti fi ìṣó lu ihò tuntun méjì sí i. Lóru òógùn á bò ó, aṣọ tá a tẹ́ sórí ẹní á tutù bí ìgbà tí wọ́n bu omi sí i, mo ń fún un bí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ojú mi rí i, ẹnu mi ò lè sọ ọ́. Àdúrà tí mò ń gbà nígbà yẹn, kí n má parọ́, ìdúnàádúrà ni. Mo ń sọ fún Jésù pé tó bá lè mú un lára dá kí kajú tó parí, màá fún sọ́ọ̀ṣì ní odindi àpò méjì. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kò dáwọ́ dúró, mo gba ọjọ́ méje, ikọ́ ń pọ̀ sí i ni.

Ọjọ́ 24 oṣù kẹta ni mo gbé àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́ta, lọ sí ilé ìwòsàn torí ara ẹ̀ gbóná. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ni gbogbo ayé fi ń rántí ikọ́ ife. Nọ́ọ̀sì kan ń bá àwa ìyá tá a jókòó síbẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní ìdí tó fi jẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé 24 oṣù kẹta ọdún 1882 ni dókítà kan ní Jámánì tó ń jẹ́ Robert Koch kéde pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa àrùn náà. Ó ní kòkòrò ni, kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, kì í ṣe pé wọ́n sà sí èèyàn. Ó ní ikọ́ tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé onítọ̀hún wá ká yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹ̀ wò, ọ̀fẹ́ ni, oògùn náà ọ̀fẹ́ ni. Ó wá ń ka àmì, kí ó máa rù, kí ó máa làágùn lóru, kí ó má lè jẹun, kí ó máa tutọ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Bó ṣe ń kà á ni ọwọ́ mi ń gbọ̀n lára ọmọ tí mo gbé. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo rí ẹ̀jẹ̀ lára áńkáṣíìfù bàbá wọn, mo sì fọ̀ ọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní kajú wà nílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún un. Mo ní, "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ kí kajú ó jẹrà." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn.

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ikọ́ ife ni. Kílò 51 ni ọkùnrin tó ti wà ní 68. Wọ́n ní àwọn máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò fún HIV náà, pé gbogbo ẹni tó bá ní ikọ́ ife ni wọ́n ń ṣe é fún. Wákàtí tá a fi jókòó dúró de èsì yẹn, mi ò gbàgbé ẹ̀ láé. Kò wo ojú mi, èmi náà ò wo tiẹ̀. Gbogbo ẹsẹ Bíbélì tí mo mọ̀ ló sá lọ, gbólóhùn kan péré ló kù lẹ́nu mi, èyí tí bàbá ọmọ yẹn sọ fún Jésù nínú Máàkù orí 9 pé, Olúwa mo gbàgbọ́, ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́. Mo ń sọ ọ́ ṣáá. Èsì jáde, kò ní HIV. Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé.

Wọ́n yẹ gbogbo wa nínú ilé wò. A ò ní in, ṣùgbọ́n wọ́n fún àbíkẹ́yìn ní oògùn ìdènà torí ó kéré. Bàbá wọn ní tiẹ̀, oṣù mẹ́fà. Oṣù méjì àkọ́kọ́, wóró mẹ́ta láràárọ̀ kó tó jẹun, oògùn mẹ́rin ni wọ́n pò pọ̀ sínú wóró kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìyẹn oṣù mẹ́rin fún irú èyí tó ní oògùn méjì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, mo gbọ́ tó ń pè mí láti ẹ̀yìn ilé. Ohùn ẹ̀ ti yí padà. Mo sáré lọ, mo bá a tó di ògiri mú, ó nawọ́ sílẹ̀, ó ní, "Màmá wọn, ó ti parí o, ẹ̀jẹ̀ ni mò ń tọ̀." Mo wo ilẹ̀, ó pupa lóòótọ́, pupa bí omi zobo. Mo figbe ta "Jésù!" tí àwọn ará ilé kejì fi jáde. Mo pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù, ó ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀, mo sọ fún yín lánàá, oògùn yẹn ló ń sọ ìtọ̀ di pupa, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rárá." Ó ti sọ ọ́ lóòótọ́, jìnnìjìnnì ni ò jẹ́ ká gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti tọ̀ láàárọ̀ tó pupa, á ké sí mi, "Oògùn ń ṣiṣẹ́ o!" èmi náà á dáhùn pé "Ògo ni fún Jésù."

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ ya kọ́ọ̀bù ẹ̀ sọ́tọ̀. Kọ́ọ̀bù rọ́bà aláwọ̀ búlúù kan, wọ́n so òwú pupa mọ́ etí ẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà ṣèèṣì fi mu omi, wọ́n gbé e sórí pẹpẹ lóun nìkan. Wọn ò ṣe é pẹ̀lú ìkà, ẹkún ni wọ́n ń sun bí wọ́n ṣe ń so òwú yẹn, torí àbúrò wọn kan kú sí irú àrùn yẹn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, inú oko ni wọ́n gbé e lọ títí tó fi kú. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá wò wá nílé, ó ní, "Ìyá, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e, tó bá ń wúkọ́. Kì í ṣe kọ́ọ̀bù, kì í ṣe abọ́, kì í ṣe ká bọ ara wa lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó máa fi aṣọ bo ẹnu tó bá ń wúkọ́, ẹ ṣí fèrèsé." Ó ní tó bá lo oògùn déédéé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, agbára tó fi ń ran ẹlòmíì á ti dínkù gan-an. Ìyá ọkọ mi ṣí gbogbo fèrèsé ilé yẹn, wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tì í, òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ ba aṣọ wa jẹ́ tán. Ṣùgbọ́n òwú pupa yẹn ṣì wà lára kọ́ọ̀bù.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe wá nìyí, mo bẹ yín ẹ ka ibí yìí dáadáa.

Nígbà tó fi máa di àárín oṣù karùn-ún, ara ẹ̀ ti ń yá, oúnjẹ ti ń wù ú débi pé oúnjẹ ò tó. Oògùn ò gba owó, ṣùgbọ́n ebi tí oògùn ń pa èèyàn, owó ló gbà. Kajú ọdún yẹn ti ṣòfò, èmi àti ọmọ wa èyí àgbà nìkan la ṣa ìwọ̀nba tá a lè ṣa. A ti ta ọ̀kadà. Èyí àgbà ò lọ sílé ìwé fún odindi táàmù kan. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá láti Lọ́kọ́ja, ó ní òun mọ wòlíì kan ní ilé àdúrà kan, ọwọ́ bàbá yẹn gbóná. A lọ. Wòlíì ní ọfà ni wọ́n ta sí i láti agbo ilé bàbá ẹ̀, pé ká wà níbẹ̀, ká sì gbé oògùn tì, pé ẹni tó gbára lé oògùn ò gbára lé Jésù, èèyàn ò lè fẹsẹ̀ méjì tọ ọ̀nà méjì. Èmi ni mo di ẹrù. Èmi ni mo fi oògùn sílẹ̀ sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù búlúù. Mo rò pé ìgbàgbọ́ ni mò ń ṣe, ẹ̀yin èèyàn mi, àárẹ̀ ni. Ó ti rẹ̀ mí, mo fẹ́ kó parí kíákíá.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi lo oògùn. Lọ́jọ́ kẹjọ ikọ́ padà dé bí ẹni tó lọ ọjà tó bọ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án nọ́ọ̀sì fi ọ̀kadà wá wa títí dé ilé àdúrà yẹn. Kò bínú sí wa níwájú èèyàn, ó fà wá sábẹ́ igi, ó ní, "Tẹ́ ẹ bá ń lò ó tẹ́ ẹ̀ ń dá a dúró, kòkòrò yẹn á mọ oògùn lójú, oògùn yìí ò ní ràn án mọ́, èyí tó le ju èyí lọ lẹ máa wá máa lò." Ó tún ní òun náà ń gbàdúrà fún un láràárọ̀. Ìyẹn ló ká mi lára jù. Wọ́n fi ọjọ́ tá a pàdánù kún iye ọjọ́ tó máa lò.

Pásítọ̀ wa gbọ́. Mo rò pé wọ́n máa bá wa wí lórí pẹpẹ. Wọ́n wá sílé lálẹ́, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ṣí Bíbélì. Wọ́n ka Àìsáyà 38, níbi tí Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà Hesekáyà tó ti fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé ẹ̀, tí Àìsáyà tún wá ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ kí wọ́n fi lé ojú oówo ẹ̀. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ti ṣèlérí ná, wọ́n tún lo oògùn, ẹnikẹ́ni ò sọ pé wọn ò nígbàgbọ́." Wọ́n ka ibi tí Pọ́ọ̀lù ti fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù tòun tàìsàn. Pọ́ọ̀lù yẹn náà o, tí wọ́n ń mú aṣọ kúrò lára ẹ̀ lọ fi lé aláìsàn lára. Wọ́n wá rán wa létí pé àwọn òyìnbó tó mú ìyìn rere wá sí Yàgbà yìí, láti ìgbà tí Titcombe ti dé sí Ẹ̀gbẹ̀ lọ́dún 1908, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n jọ gbé wá, ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀, ECWA, náà ló ní ọ̀sibítù tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ dòní. Ìyá ọkọ mi mi orí, wọ́n ní, "Òótọ́ ni, ọwọ́ kan náà ni."

Láti ọjọ́ kejì, aago mẹ́fà àárọ̀, Pásítọ̀ á pe fóònù. Mo máa fi sí lóhùn gbangba. Bàbá wọn á tẹ́ wóró mẹ́ta sí àtẹ́lẹwọ́, èmi á gbé omi dání, Pásítọ̀ á gbàdúrà kúkúrú, wọ́n á ní, "Ẹ gbé e mì lórúkọ Jésù." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí, èmi ni mo máa gbà á. Ọjọ́ tí inú ẹ̀ ń rú tí kò fẹ́ lò ó, Jésù la fi bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tó ní òun ò ṣe mọ́, pé kí òun kú kí owó tó kù lè tó àwọn ọmọ, Jésù la fi dá a lóhùn. Tí ẹnì kan bá bi mí pé níbo ni mo ti rí Jésù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ni, aago mẹ́fà àárọ̀, lójoojúmọ́, pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́.

Mo tún rí I lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀. Obìnrin kan wà tá a jọ máa ń pàdé lọ́jọ́ tá a bá lọ gba oògùn, ọkọ ẹ̀ náà ní in, aránṣọ ni. Obìnrin yẹn ń gbàdúrà jù mí lọ, mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ọkọ ẹ̀ pẹ́ kó tó wá, àrùn ti jẹ ẹ́ lẹ́dọ̀fóró jìnnà, ó kú. Mo lọ kí i. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Àǹtí, ṣé àdúrà tèmi ò tó ni?" Mi ò ní ìdáhùn. Mo jókòó tì í sórí ẹní títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo délé mi ò lè sùn, mo jáde síta, mo bínú sí Jésù. Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Mo ní Ìwọ lo gbọ́ pé Lásárù ń ṣàìsàn tó O tún dúró fún ọjọ́ méjì sí i níbi tó O wà. Mo ní ohun tí Màtá sọ ni èmi náà ń sọ, Olúwa, ká ní O ti wà níbẹ̀ ni. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo rántí pé kò bá Màtá wí. Ó tẹ̀ lé wọn lọ síbi ibojì, Ó sunkún kó tó ṣe ohunkóhun, Òun tó mọ̀ pé Òun máa jí i. Mi ò gbọ́ ohùn kankan lóru yẹn, ikọ́ bàbá wọn nìkan ni mò ń gbọ́ láti inú ilé. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló dúró nínú àgbàlá yẹn. Láti òru yẹn mi ò bá A dúnàádúrà mọ́. Mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ níwájú mi pé ìgbàgbọ́ mi ló gba ọkọ mi là, torí ọ̀rọ̀ yẹn á dé etí obìnrin yẹn.

Ìyókù ò gùn. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹ̀ wò ní ìparí oṣù kejì tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù karùn-ún oògùn àti ní ìparí, wọn ò rí kòkòrò mọ́. Oṣù kẹwàá ló lo wóró tó kẹ́yìn, Pásítọ̀ wá sílé fún ìyẹn, wọn ò fi fóònù ṣe é. Ẹgbẹ́ obìnrin sọ́ọ̀ṣì wa, tí wọ́n ti ń gbé ẹ̀wà àti ẹyin wá fún wa láti oṣù kẹfà láìjẹ́ ká bẹ̀ wọ́n, wọ́n gún iyán lọ́jọ́ náà. Ìyá ọkọ mi fi eyín já òwú pupa yẹn kúrò lára kọ́ọ̀bù, wọ́n bu omi sí i, wọ́n mu ún níṣojú gbogbo èèyàn.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan padà bó ṣe wà o. Ọ̀kadà ò padà. Èyí àgbà tún kíláàsì ẹ̀ ṣe. Bàbá wọn ti sanra, ó ti dé kílò 64, ṣùgbọ́n mímí ẹ̀ ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀, dókítà ní àpá wà lára ẹ̀dọ̀fóró, tó bá gun òkè díẹ̀ á dúró kó sinmi.

Kajú ọdún yìí, mo ní kí obìnrin tí ọkọ ẹ̀ kú yẹn wá bá wa ṣa, ká jọ pín in. Kò tíì máa wá sí ìsìn bó ṣe ń wá tẹ́lẹ̀, mi ò tì í, tó bá fẹ́ ká gbàdúrà a ó gbà á, tí kò bá fẹ́ a ó ṣa kajú. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, nígbà tá a dé ìdí igi kẹta, bàbá wọn jókòó láti mí. Obìnrin náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì igi. Àbíkẹ́yìn wa bu omi wá nínú kọ́ọ̀bù búlúù, ó gbé e fún bàbá ẹ̀, ó mu ún dé ìdajì. Obìnrin yẹn na ọwọ́, ó gba kọ́ọ̀bù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì mu èyí tó kù.